Ọkàn Ìyá Ọkọ Mi Kì í Gba Ọlidé

Sabina ni orúkọ ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ò tó o. Ìyé la ń pè é nílé, bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá wọn, èmi Rọ̀kíbátù ọmọ Ìjẹ̀bú náà sì ti gba Ìyé mọ́ ẹnu. Kò sí ẹni tó ń gbé létí omi ní Bàríga tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ béèrè obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ̀, ilé wa ni wọ́n máa júwe fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fífọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, torí òun ló fẹ́ẹ̀ pa á. Àárọ̀ ni àwọn apẹja wa máa ń ti ojú ọ̀sà dé. Wọn kì í tíì gúnlẹ̀ tí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja á ti máa wa ọkọ̀ kéékèèké lọ pàdé wọn lójú omi. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan etí ọkọ̀ apẹja ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ ṣa ẹja. Kò sí ẹjọ́ ńbẹ̀, kò sí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ kan pákó ló ni ọ̀bọ̀kún tó sanra, àwọn tó kù á pín ṣawá àti ẹpìyà wẹ́wẹ́ láàárín ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, mi ò rí obìnrin tó ṣáájú Ìyé dé ìdí ọkọ̀ Bàbá Ikúmápàyí, àgbà apẹja tí a máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí apá wọn le bí igi máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, òun á sì ti máa ṣa ẹja kí wọ́n tó dé, á máa bi wọ́n pé ṣé wọ́n sun àsùnjù ni.

Èmi ni mo máa ń jókòó sí iwájú ọkọ̀ Ìyé, tí mo ń gbọ́n omi. Ọmọ orí ilẹ̀ ni mí, omi tó bá ti kọjá orúnkún ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ tèmi gan-an ni kí n ru ẹja yíyan lọ sí Onípànù ní ọ̀sán, kí n tà á fún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹja Ìyé ò sì ní wàhálà. Ó máa ń gbẹ, á dán, ẹran rẹ̀ á sì rọ̀, àwọn oníbàárà láti Palmgrove máa ń sọ̀dá wá rà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn kí màmá.

Bàbá mi ló bí mi, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ló gbà mí. Nígbà tí mo ní Raphael ni mo fẹ́ fẹ́, bàbá mi ní ọmọ òun ò ní fẹ́ onígbàgbọ́ tó ń gbé lórí omi. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi mọ́ títí di òní. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ nílé Ìyé, òun, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ló ń jí dáná sààrì fún mi, á tún jókòó tì mí títí mo fi máa jẹun tán, pé kí n má bàa sọ pé wọn ò tọ́jú mi. Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe kékeré. Bí obìnrin yẹn bá kú, mo tún di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé, ó ní èéfín ni. Nígbà tó yá, kò lè sùn gbalaja mọ́, ìrọ̀rí ló ń tò léra tó ń fẹ̀yìn tì. Ó ní ọjọ́ orí ni. Mo sọ fún un pé ọjọ́ orí kì í wú ẹsẹ̀. Ó ní kí n lọ bi àwọn tó dàgbà. Raphael, ọkọ mi, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, kò lè fi tipátipá mú ìyá rẹ̀, èmi ni mo ní dákun dábọ̀, tí mo tún pariwo, títí a fi gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ṣómólú, lápá Fọlá Àgòrò.

Dókítà tó gbà wá, Ìtùnú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ ni òun náà. Ìyá tirẹ̀ náà yan ẹja títí ó fi rán an nílé ìwé. Ó yẹ Ìyé wò, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní ó ti rẹ iṣan ọkàn rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ṣe yẹ mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí ẹsẹ̀ àti àyà. Ó kọ oògùn. Èyí tó ń mú èèyàn tọ omi jáde wà níbẹ̀, yẹ́lò kékeré kan wà níbẹ̀, funfun kan sì wà níbẹ̀ tó tẹnu mọ́ jù.

"Ìyé, oògùn funfun yìí á jẹ́ kí ọkàn yín sinmi díẹ̀," ó ní. "Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè máa rẹ̀ yín. Ẹ fara dà á, ẹ má ṣe dá a dúró."

Gbólóhùn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi dókítà. Ẹni tí kì í gbé létí omi ò lè mọ̀ pé ìsinmi ní àkókò tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rekete, ẹja ń rí àwọ̀n, wọ́n á máa yà fún un. Àwọn ọkùnrin á jókòó, wọ́n á máa tún àwọ̀n ṣe, àwọn obìnrin á gbá eérú inú ààrò, wọ́n á dirun, wọ́n á lọ kí ará ilé. Bí òṣùpá bá wọ òkùnkùn, iṣẹ́ dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tòògbé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ńlá wọn ti ń ṣe é kó tó di pé wọ́n ṣí wá sí Èkó.

Ìyé gbọ́ "sinmi", ó sì fi í sí ibi tí ìsinmi wà. Nígbà tí òṣùpá mọ́lẹ̀, ó lo oògùn rẹ̀ láìyẹ̀. Ẹsẹ̀ fọn, ikọ́ lọ sílẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lóòótọ́, ó ń rẹ̀ ẹ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní ara òun dà bí ẹ̀bà tó tutù. Ṣùgbọ́n bí òṣùpá ṣe wọ òkùnkùn báyìí, ó di oògùn funfun náà, ó kó o sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ń tọ́jú oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ló sì tó bẹ́ẹ̀ láti máa ṣọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu?

Mo rí i pé ara rẹ̀ tún ń yá gágá, inú mi ń dùn. Mo ní oògùn ń ṣiṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ìkùukùu wà lójú ọ̀sà, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì Bàbá Ikúmápàyí kí a tó rí ọkọ̀ rẹ̀. Níní ti wà lójú omi ṣáájú wa. Níní yìí, ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwa ni, ó mọ ọkọ̀ wà, ó sì ti ń lé Ìyé láti ọjọ́ pípẹ́. Bí Ìyé ṣe rí ẹ̀yìn Níní níwájú rẹ̀, ó ki àjẹ̀ bọ omi, ọkọ̀ wa fò. Mo gbá etí ọkọ̀ mú. Omi ń ta sí mi lójú, mo ń pe Ọlọ́run lédè Lárúbáwá àti lédè Ìjẹ̀bú pọ̀. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Níní. Mo gbọ́ mímí Ìyé lẹ́yìn mi, ó ń dún bí ayùn tó ń rẹ́ pákó, mo sì yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. Mo ní, "Ìyé, ẹ rọra!" A dé ìdí ọkọ̀ Bàbá Ikúmápàyí, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan pákó. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó la ẹnu láti kéde ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ ò jáde. Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà tẹ̀ síwájú, ó ṣubú lé mi lórí.

Bàbá Ikúmápàyí ló fò wọ inú ọkọ̀ wa, àgbàlagbà yẹn o, ó gbé Ìyé bí ẹni gbé ọmọ, ó sì ju ẹja rẹ̀ sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Níní so ọkọ̀ wa mọ́ tirẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì la wà tí a fi dé èbúté, Raphael sì ti wá okadà àti kẹ̀kẹ́ títí ó fi rí ọkọ̀ tó gbé wa dé Ṣómólú. Mi ò rántí ọ̀nà náà dáadáa. Mo kàn ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí máa gbà jáde.

Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi í sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ojú rẹ̀ padà wálé, ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ìtùnú fa àga, ó jókòó tì í.

"Ìyé, ṣé ẹ ń lo oògùn funfun yẹn?"

"Mo ń lò ó dáadáa, ọma mi. Gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá ti mọ́lẹ̀, mi ò fò ó rí."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Òṣùpá báwo?"

"Òṣùpá tó wà lókè," Ìyé ní. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ pé ó ń jẹ́ kí èèyàn sinmi? Ta ló ń sinmi lójú iṣẹ́? Ìgbà tí ẹja bá ń bọ̀, agbára ni mo nílò, mi ò nílò ìsinmi. Mi ò fi ṣòfò o, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, o lè ní kí Rọ̀kí lọ mú un wá."

Raphael kọjú sí ògiri. Èmi ní tèmi, bí kò bá jẹ́ pé ìyá ọkọ mi ni, tó sì tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí ǹ bá sọ ì bá kún ọsibítù náà. Mo retí kí dókítà pariwo. Kò pariwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ìyá òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni Ìyé ṣì: ọkàn ò mọ òṣùpá.

Ó wá fa ẹ̀rọ kan súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi nǹkan tútù kan pa Ìyé láyà, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí wa. Ọkàn Ìyé ló wà níbẹ̀, ní dúdú àti funfun. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ọwọ́ tó fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní agbára láti dì í tán.

"Ṣé òun nìyí?" Ìyé béèrè.

"Òun nìyẹn."

"Ṣé kì í dúró ni?"

"Kì í dúró. Láti inú ìyá yín ló ti ń ṣe é bọ̀. Ẹ sùn, kò sùn. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ló ń ṣe. Òṣùpá mọ́lẹ̀, gbogbo èbúté lọ dirun, òun ò lọ. Kò gba ọlidé rí, Ìyé."

Ìyé wo ẹ̀rọ náà pẹ́. Ó wá ṣe ohun tí mi ò ní gbàgbé láéláé. Ó tẹ orí ba díẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, bí ẹni rí àgbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí fún ọkàn ara rẹ̀. "Ẹ kú làálàá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Dókítà nàka sí ojú ẹ̀rọ náà.

"Agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ yẹn," ó ní, "kò ní ibi tó ń kó o pamọ́ sí. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ò lè tó o lò fún ìṣẹ́jú kan. Ó gbọ́dọ̀ máa dáná, kó sì máa lò ó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni igi ìdáná rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú ló ń jẹ́ kí igi náà jó. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, bí èèyàn bá ki igi kún inú ààrò jù, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé ńkọ́?"

"Èéfín," Ìyé dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Èéfín lásán. Ẹja á dúdú, inú rẹ̀ ò ní gbẹ. Ẹni tí kò mọ ẹja yan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ọkàn yín nìyẹn. Ara yín rí i pé ó ti rẹ ọkàn, kàkà kó jẹ́ kó rọra, ó ń lé e pé sáré, sáré, sáré. Ó tún ń da ọ̀rá sí i lọ́pọ̀. Ọ̀rá máa ń mú ooru wá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ afẹ́fẹ́ ju ṣúgà lọ. Ọkàn wá ń jó igi púpọ̀, iṣẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde ò tó nǹkan. Oògùn funfun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní kí wọ́n yéé pariwo lé e lórí. Ọkàn á wá rọra lù. Á ráyè kún kó tó ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Igi tó ń jó á dín kù, èyí tó ń jó ò sì ní máa jẹ afẹ́fẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò gba agbára lọ́wọ́ yín o, Ìyé. Ó ń bá yín dá a padà sínú ọkàn ni, ìyẹn sì máa ń pẹ́ kó tó hàn lára."

"Bí mo bá wá dá a dúró lójijì bí mo ṣe ṣe yẹn?"

"Gbogbo àwọn tó ń pariwo níta á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún wá gbé àjẹ̀ lé e."

Ìyé mi orí. Ó béèrè ti yẹ́lò, tí òun náà ń jẹ́ kó máa tọ̀ ṣáá. Dókítà ní ìyẹn ń da ṣúgà díẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtọ̀, ẹ̀dọ̀ á wá rò pé oúnjẹ dín kù, á sọ ọ̀rá di oríṣi ohun ìdáná mìíràn tó fúyẹ́, tí ọkàn lè tètè jó. Ó ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, àwọn mìíràn ṣì ń bá wọn jiyàn. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ó ń fi kún ẹ̀mí àwọn tó ń lò ó. Mo fẹ́ràn dókítà yẹn sí i nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ nǹkan gan-an kì í tijú àtisọ ibi tí ìmọ̀ òun dé.

Nígbà tí a délé, mo fi oògùn funfun kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wò ó. Kò tó hóró àgbàdo. Ohun kékeré yìí ló ń wọ inú òkùnkùn àyà èèyàn lọ, tó ń bá iṣan sọ̀rọ̀, tó ń yan irú igi tí wọ́n máa fi dáná. Ẹni tó jókòó síbi kan ní ayé yìí, tó ronú débẹ̀, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó rí ibi. Mo sọ ọ́ sókè, Ìyé sì ní, "Àmín. Ó yá, gbé e wá."

Ṣùgbọ́n etí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ara ò gbà á mọ́ra. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le. Dókítà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn díẹ̀, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, bó bá sì ti fi kún un ni Ìyé á tún rọ. Ó kọ́kọ́ fi ilé ṣe ibùjókòó. Nígbà tí dókítà ní ó lè padà sójú omi, kó sáà má sáré, òṣùpá ti wọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ọ̀bọ̀kún pọ̀ lójú ọ̀sà lẹ́yìn òjò, pé irú rẹ̀ ò sí láti ọjọ́ yìí.

Àárọ̀ yẹn, mo rí i nínú yàrá. Ó di oògùn náà mú sí àárín ìka méjì. A ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sí èbúté, wọ́n ń pe ara wọn. Mo mọ ohun tó ń rò. Bó bá fò ó lónìí péré, apá rẹ̀ á fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á kan pákó. Mo ti la ẹnu tán, mo tún pa á dé. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í sábà ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi agídí mú un, á lò ó níwájú mi lónìí, á sì tu ú dànù lọ́la.

Ó wo oògùn náà. "Ìwọ yìí," ó wí fún un, "o máa sọ mí di ẹni ẹ̀yìn." Ó jù ú sẹ́nu, ó sì fi omi tì í wọlé. Ó dìde, ó ní kí n mú agbọ̀n. Àjẹ̀ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó nà án sí mi. Ó ní bí òun ò bá ní sáré mọ́, ẹni tó ń gbọ́n omi ò ní máa jókòó fẹ̀ lásán níwájú ọkọ̀ òun.

Àwa la dé kẹ́yìn. Ẹja tí wọ́n ti ṣà kù la rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni lẹ́yìn ìyẹn. Obìnrin kan pariwo láti inú ọkọ̀ rẹ̀ pé ẹ wò ó, Ìyá Raphael ti di ìgbín. Ìyé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni ìgbín fi ń gungi. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìdí ààrò mo rí i tó ń fi igi rú iná láìnídìí, ojú rẹ̀ ò sì gbẹ. Mo ti rí i tó wa ọkọ̀ nínú ìjì, mo ti rí i tó sin ọkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé èyí nira fún un ju méjèèjì lọ. Obìnrin tó ti ń ṣíwájú láti kékeré, tó gbà láti máa kẹ́yìn ní ojú gbogbo èèyàn nítorí ọkàn tí ẹnikẹ́ni ò rí: bí wọ́n bá ní kí n júwe akínkanjú, òun ni mo máa nàka sí.

Ẹpìyà wẹ́wẹ́ tí a ń rà, ó ń yan án bí ẹni ń yan ọ̀bọ̀kún. Ó dín igi kù, ó ń ṣí ààrò fún afẹ́fẹ́, ó ń ṣe sùúrù. Ní Onípànù, wọ́n ń rà á tán lọ́wọ́ mi.

Oṣù ń gorí oṣù báyìí. Òṣùpá mọ́lẹ̀, ó lò ó. Òṣùpá wọ òkùnkùn, ó lò ó. Mi ò rí ìyípadà kankan tí mo lè tọ́ka sí, àfi pé ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dín kù. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Nígbàkígbà tó bá ki àjẹ̀ bọ omi lẹ́yìn mi ni mo ń tẹ́tí, mo ń retí ohùn ayùn yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, a tún lọ pàdé Bàbá Ikúmápàyí. Omi dákẹ́. Èmi wà níwájú pẹ̀lú àjẹ̀ tèmi tí mo ń fi lu omi bí ẹni ń na ọmọ, Ìyé wà ní ìdí ọkọ̀. Níní ti ṣáájú gbogbo ayé, ó ti dé ìdí ọkọ̀ Bàbá. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan pákó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó yíjú sẹ́yìn, ó ń wò wá. Àwọn ọkọ̀ tó kù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ máa bọ̀!" ó pariwo. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Àbẹ́gì, gbogbo wa ti gbà bẹ́ẹ̀."

Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, Ọlọ́run rí i. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìyá ọkọ mi.

"Níní!" Ohùn Ìyé lẹ́yìn mi ya omi. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo ti kú ni, àbí ìwọ lo fẹ́ sin mí? Ẹja ń bẹ níwájú rẹ, o gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ tọ̀! Nígbà tí o ń lé mi lójú omi yìí, ṣé mo dúró dè ọ́ rí? Mo fi ọ́ sẹ́yìn, mo sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi! Ìyá rẹ gan-an, mo fi sẹ́yìn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere, kò sì bẹ̀ mí rí! Ojú rẹ ò tì ọ́? Apá tó le tó báyìí, o fẹ́ fi tọrẹ? Fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn kí n tó débẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àjẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi yìí á kúrò nínú omi, á bọ́ sórí rẹ!"

Mo ti gbé àjẹ̀ tèmi sílẹ̀. Omijé ń dà lójú mi, mi ò lè dá a dúró, mi ò sì fẹ́ dá a dúró. Ọkọ̀ ń lọ. Lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ àjẹ̀ tó ń wọ omi, tó ń jáde, geerege, mo sì ń gbọ́ èébú.

"Rọ̀kí, ìwọ náà ńkọ́? Kí ló dé tó o gbé àjẹ̀ sílẹ̀? Èwo ni ẹkún?"

"Ìyé, ṣé ẹ gbọ́ ara yín?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Láti ìdí òpó ọ̀hún lẹ ti ń bú Níní," mo ní. "Ẹ ń bú u, ẹ ń wa ọkọ̀. Ẹ ò dúró láti mí èémí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Àjẹ̀ rẹ̀ dúró. Omi nìkan ló ń gbé wa lọ. Mo yíjú padà, mo rí i tó tẹ́tí sí àyà ara rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ sì yà díẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, Níní fi ọwọ́ kan pákó, àwọn obìnrin hó yèè.

Ìyé mí kanlẹ̀. Ó ki àjẹ̀ bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ èébú náà láti orí Níní, láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kí òun náà lè fetí ara òun gbọ́ pé mímí òun ò já.